Port: ihò ni, ojúlé ni, àbí èbúté?

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa ti dábàá pé kí a máa lo èbúté fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní port lára kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn sì dá a lóhùn pé kí a kúkú kọ pọ́ọ̀tù sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú àbá wọn, nítorí pé ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní oṣù tí ó kọjá ti jẹ́ kí n rí i pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kò tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Òṣogbo ni ó sì ń gbé. Ó pè mí pé ímeèlì ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà òun dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí òun kọ kì í jáde; inú Outbox, àpò lẹ́tà tí kò tíì lọ, ni gbogbo rẹ̀ ń jókòó sí. Ó ti pe ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un, ọmọkùnrin tí ó gbé ìpè náà sì sọ fún un pé port ni kí ó lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n mi yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà síwájú, ó yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ eruku inú ihò rẹ̀, ó nù ún, ó sì ki wáyà náà padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó pè mí. Kò ṣì í gbọ́ rárá, nítorí pé port ni ihò yẹn náà ń jẹ́. Nọ́ńbà kan tí ó wà nínú ètò ímeèlì ni ọmọkùnrin náà ní lọ́kàn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi wáyà sílẹ̀. Ẹ ṣí ibi ètò tí a fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí ẹ ka nọ́ńbà ibẹ̀ fún mi.” Ó ní 25 ni. Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé, èbúté ni mo kọ́kọ́ lò, nítorí pé àbá yẹn ṣì wà lọ́kàn mi, ó sì bi mí pé ọkọ̀ ojú omi wo ni ó ń gúnlẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní kí ó fi kọ̀ǹpútà tí ó ń bá wa gba lẹ́tà wé agbo ilé ńlá kan tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tirẹ̀ níbẹ̀. Ojúlé 25 ni ó ń gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti dí ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ irú wa. Ojúlé 587 ni kí ó gbé e lọ. Kò bi mí ní ìtumọ̀ ojúlé. Ohun tí ó bi mí ni bóyá 587 ni kí òun kọ dípò 25, mo sì ka nọ́ńbà náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: márùn-ún, mẹ́jọ, méje. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni ó jáde kí a tó parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Port tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí ti inú portus èdè Látìn wá, òun sì ni èbúté. Ti kọ̀ǹpútà kò bá a lọ sí etí omi. Porta, ẹnu ọ̀nà, ni ó tẹ̀lé. Nítorí náà ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí èbúté, ìró ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó túmọ̀, kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí a lo ẹnu ọ̀nà, n kò sì ní bá wọn jà púpọ̀, àmọ́ ojúlé ni a máa ń fi nọ́ńbà sí lára nígbà tí a bá ń júwe ilé fún àlejò, nọ́ńbà sì ni gbogbo port tí ó wà nínú ètò ímeèlì. Nọ́ńbà wọn kò lè kọjá 65535. POP3 àti IMAP ni ìlànà méjì tí a fi ń gba lẹ́tà wọlé: ojúlé 110 ni ti POP3, 143 ni ti IMAP. Bí a bá sì fẹ́ kí a fi ẹnà bo lẹ́tà kí ojú ẹlòmíràn má baà kà á lọ́nà, 995 àti 993 ni a ó lọ. Ojúlé 25 ni àwọn ẹ̀rọ apèsè (server) fi ń gbé lẹ́tà fún ara wọn, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn kọ̀ǹpútà ilé tí kòkòrò (virus) ti wọ̀ ń gba ibẹ̀ da lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè sígboro, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni ó dí i mọ́ àwọn oníbàárà inú ilé. Ojúlé 587, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, ni ti ẹni tí ó fẹ́ fi lẹ́tà tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á.

Ihò, ní tèmi, ni kí a fi sílẹ̀ fún ibi tí a ń ki wáyà bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn tí ń tún fóònù ṣe, kò sì sí ìdí tí a ó fi wá òmíràn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó le láti túmọ̀ ni IRQ (interrupt request), ìpè tí ohun tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà fi ń ké sí ọpọlọ rẹ̀. Ní ọdún 1999, mo ra káàdì modem kan, ẹ̀rọ tí ń gba orí wáyà fóònù wọ íntánẹ́ẹ̀tì, irú ISA àtijọ́, fún kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó wà nílé mi. Bí modem bá ti ń pe nọ́ńbà, tí ó ń han gooro, ọfà máòsì á dúró gbagidi sójú kan. Nínú àwọn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ìgbà náà fi ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, COM1 dé COM4, COM1 ni máòsì wà, COM3 ni modem wà. Ìjà wọn kì í ṣe ti ojúlé, nítorí pé 3F8 ni ojúlé COM1, 3E8 sì ni ti COM3 (nọ́ńbà ojúlé inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ìwọ̀nyí, kì í ṣe ti ímeèlì; ìlànà ìkà oní-mẹ́rìndínlógún ni ó mú lẹ́tà wọ inú wọn). IRQ 4 ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, gẹ́gẹ́ bí COM2 àti COM4 ṣe jọ ń lo 3.

IRQ ni ohun tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà fi ń pe ọpọlọ ẹ̀rọ náà pé kí ó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, kí ó wá gbọ́ tòun. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ìdílọ́wọ́ ti fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀. Àlejò tí ó dúró níta tí ó ké pé “Àgò onílé o” kò dí onílé lọ́wọ́; àyè ni ó ń tọrọ, onílé á sì dá a lóhùn pé “Àgò yà.” Àgò ni mo dábàá. Àlejò méjì dúró ní ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohùn kan náà ni wọ́n fi ké àgò. Onílé sáré lọ dá modem lóhùn, máòsì sì dúró síta. Káàdì ISA kì í sábà lè pín àgò kan lò láìsí wàhálà. PCI, irú káàdì tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, lè ṣe é, ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wa kò fi mọ ìyà yìí.

Lára káàdì náà ni àwọn irin tín-ín-rín wà, tí ike dúdú kan tí kò tó èékánná bo méjì pọ̀ nínú wọn. Mo fi ẹ̀mú fa ike náà yọ, mo gbé e sí ibi tí wọ́n kọ COM2 sí, mo sì pa COM2 ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ nínú BIOS, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, kí ìjà mìíràn má baà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àgò 3 ni modem ń ké láti ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ti pọ́ọ̀tù. N kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò; bàtírì, ṣájà àti wáyà ti di tiwa, wọn kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú. Pọ́ọ̀tù yóò mú ìdàrúdàpọ̀ tí ó ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ẹ̀gbọ́n mi á sì tún máa fẹ́ eruku lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ní ti àwọn tí wọ́n sọ pé ojúlé ti ní ìtumọ̀ mìíràn tẹ́lẹ̀, ìyẹn gan-an ni ó wù mí nínú rẹ̀. Nígbà tí ètò méjì bá ń du nọ́ńbà kan lórí kọ̀ǹpútà, ìkìlọ̀ tí yóò hàn sí ojú ẹ̀rọ lè jẹ́ báyìí: “Ojúlé 25 ti ní ayálégbé.” Mo fẹ́ kí ẹni tí ó gbé èbúté wá kọ ìkìlọ̀ yẹn ní tirẹ̀, kí a lè gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.