Ẹ̀gbà rọ́bà tí góòlù wà nínú ẹ̀, ẹ bá mi dá sí i

BísíOnígóòlù:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ góòlù, mo ń kà nípa alágbẹ̀dẹ góòlù ará Switzerland kan, Otto Künzli, Zurich ni wọ́n bí i sí ní 1948, ó ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ kan ní 1980, rọ́bà dúdú lásán lèèyàn máa rí àmọ́ bọ́ọ̀lù góòlù kékeré wà nínú ẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Gold macht blind, pé góòlù ń fọ́ni lójú. Oníbàárà tèmi ò ní í sanwó tí ò bá rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọjà, èyí tó ń sọ bí góòlù ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀. Báwo lẹni tó ra èyí ṣe máa mọ̀ pé góòlù ni?

ÌyáÌbejì:
Kò lè mọ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Á rí ibi tó wú lára rọ́bà, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó le, ó tán. Tó bá fẹ́ fojú rí i àfi kó la rọ́bà, ẹ̀gbà sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu alágbẹ̀dẹ ló rà. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an o, torí ká lè rí i náà ni gbogbo wa ṣe ń fi góòlù sọ́rùn lọ òde.

ỌmọBern:
Ẹ kúuṣẹ́ o. Mo ń kọ́ṣẹ́ yìí ní Switzerland, ọdún 4 ni. Tábìlì wa gé wọnú bí oṣù tuntun, wọ́n so awọ sábẹ́ ẹ̀ kó máa gba ẹ̀rún góòlù tá a bá ń fi fáìlì ha á, ẹ̀rún kan ò gbọ́dọ̀ ṣòfò. A ń tẹ 750 sára góòlù karat 18, ìjọba sì ní àmì tiwọn, orí ajá. Bàbá yìí wá kó gbogbo ẹ̀ pamọ́ sínú rọ́bà! Èyí tó ká mi lára jù ni ṣéènì tó ṣe ní 1985 sí 1986, òrùka ìgbéyàwó àlòkù 48 ló kó wọnú ara wọn, orúkọ àti déètì tí wọ́n kọ sínú wọn ṣì wà níbẹ̀. Òrùka opó ni àbí ti ẹni tó kọ ọkọ sílẹ̀, ta ló mọ̀, mi ò lè fi sọ́rùn láéláé.

BísíOnígóòlù:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n máa ń kó òrùka ìgbéyàwó wá tà fún mi, mi ò kì í wo inú ẹ̀, orí òṣùwọ̀n ni mò ń gbé e sí tààrà. Ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí ni, déètì wà nínú ẹ̀. Mi ò tíì fẹ́ yọ́ ọ.