Omi òkun kan náà, èsì méjì: èwo ni kí n kọ sílẹ̀?

Rísíkà, Ìlọrin
Àsàláàmù àlékùn, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Iṣẹ́ másítà mi dá lórí irin àti òjé inú omi òkun tí a bù ní etíkun Lẹ́kì. A pín omi kan náà sí méjì: lábù kan fi AAS oníná (ẹ̀rọ tó ń fín omi sínú iná, tó ń wo ìmọ́lẹ̀ tí mẹ́tàlì fà mu) wò ó, èkejì fi ICP-MS (ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo átọ́ọ̀mù dá mẹ́tàlì mọ̀). Òjé tí ti àkọ́kọ́ rí fi ìlọ́po-ìlọ́po ju ti èkejì lọ, irin náà ò bára mu. Ọ̀gá mi ní kí n ro méjèèjì pọ̀, kí n pín in sí méjì. Ọkàn mi ò gbà á. Owó ọwọ́ mi ò sì pọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ọ̀fà
Wàálékùn sàláàmù, àbúrò. Má pín in o! Bí ẹnì kan bá ní ọ̀nà Àjàsẹ́ la ń gbà dé Ọ̀fà, tí ẹlòmíràn ní ọ̀nà Jẹ́bà ni, o ò ní torí àtitẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn kí o wá gba àárín igbó. Lójú agbami, irin kì í sábàá pé nánómóòlù kan nínú lítà omi, ìyẹn bíi 0.056 máíkírógíráàmù. Òjé tún kéré sí i. Etíkun a máa ní jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ òjé rẹ̀ ò tíì tó ohun tí AAS oníná lè rí. Iyọ̀ tó tó gíráàmù 35 nínú kílò omi kan ló ń da ẹ̀rọ náà láàmú.

Àǹtí Lábù, Òmù-Àrán
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó rò pé ICP-MS kì í ṣì í. Rísíkà, bi wọ́n léèrè: ṣé ńṣe ni wọ́n bu omi lá omi òkun náà tí wọ́n sì gbé e sẹ́rọ, àbí wọ́n kọ́kọ́ gbé e gba àárín rẹ́sìn (hóró ike wẹ́wẹ́)? Rẹ́sìn bíi Nobias-PA1 máa ń di irin àti òjé mú, á jẹ́ kí sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù ṣàn lọ. Bi wọ́n nípa irin 56 náà, ìyẹn irin tí ìwúwo átọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 56. Árgọ́ọ̀nù 40 àti ọ́síjìn 16 máa ń so pọ̀ nínú ẹ̀rọ, wọ́n á di 56, ẹ̀rọ á sì kà wọ́n mọ́ irin. Ṣé wọ́n fi gáàsì lé wọn kúrò?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí a fi áísótóòpù (oríṣi mẹ́tàlì kan náà tí ìwúwo átọ́ọ̀mù wọn yàtọ̀) wọn iye. Wọ́n á da irin 57 tí wọ́n mọ iye rẹ̀ sínú omi, wọ́n á jẹ́ kó pò mọ́ irin tó wà níbẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tó gbé e gba rẹ́sìn. Bí díẹ̀ bá ṣòfò lójú ọ̀nà, 57 àti 56 jọ ṣòfò ni, ìṣirò ò yẹ̀.

Alfa Gáà-Akanbí
Báwo lẹ ṣe bu omi náà? Clair Patterson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé púpọ̀ nínú òjé tí àwọn kan ń rí nínú òkun, inú ìgò, lábù àti ọkọ̀ wọn ló ti wá.

Rísíkà
Ẹ ṣé, Alfa. Ike tí a fi ásíìdì fọ̀ ni, a wọ ìbọ̀wọ́, a fi asẹ́ oníhò 0.2 máíkírómítà sẹ́ ẹ, ká tó fi ásíìdì sí i.

Alfa Gáà-Akanbí
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní ti èsì méjèèjì, GEOTRACES, ètò àgbáyé tó ń wọn mẹ́tàlì inú òkun, ti dán irú èyí wò: ní 2008 nítòsí Bermuda, ní 2009 ní Pàsífíìkì, wọ́n pín omi kan náà fún oríṣiríṣi lábù. Ìwọ náà, wá CASS, omi etíkun tí NRC Kánádà ti wọn iye irin àti òjé rẹ̀. Gbé e fún àwọn méjèèjì, má sọ fún wọn pé òun ni. Tún gbé omi mímọ́ tó gba inú ike yín kọjá fún wọn lọ́tọ̀, kí o lè mọ̀ bóyá ike yín ń da òjé tàbí irin sínú omi. Wá ẹlòmíràn tí ẹ jọ máa dáwó rà á.

Àǹtí Lábù, Òmù-Àrán
Bí CASS bá bọ́ síbi tó yẹ lọ́wọ́ àwọn oní-ICP-MS, tiwọn ni kí o kọ. Fún òjé ti AAS, kọ ọ́ pé ó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ náà lè rí lọ, má kọ nọ́ńbà kankan. Mú èsì CASS náà lọ han ọ̀gá rẹ.