Wọ́n pè mí ní "Idhayam Murali": ṣé kí n sọ̀rọ̀ ni, àbí kí n dákẹ́?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Chennai, ní gúúsù India, ni mo ti ń kàwé, ó sì ku oṣù méjì kí n padà sí Ìbàdàn. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹ̀yà Tamil wà ní kíláàsì wa. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbàyè ìjókòó sílẹ̀ dè é, tí ọ̀rọ̀ sì ń dé mi lẹ́nu, tí mo ń gbé e mì. Ní Jímọ̀ tó kọjá, a jókòó níbi tí a ti máa ń jẹun. Ó ń da kọfí láti inú ife irin sínú abọ́ kékeré, ó tún ń dà á padà kó lè tutù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí. Mo ní mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún un. Ó gbójú sókè. Mo wá bi í pé ọjọ́ mélòó ló kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ló bá ní, "Idhayam Murali!" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ló ṣàlàyé fún mi. Idhayam, ìyẹn "ọkàn", ni fíìmù tí Kathir darí, tó jáde ní 1991. Murali ló ṣe Raja, ọmọ abúlé tó wá kọ́ṣẹ́ ìṣègùn nílùú yìí. Ó nífẹ̀ẹ́ Geetha, kò sì lè sọ fún un. Títí dòní, ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ tí kò lè sọ, orúkọ tí wọ́n ń fún un nìyẹn. Mo wò ó lóru ọjọ́ náà. Ilaiyaraaja ló ṣe àwọn orin rẹ̀, èyí tí Yesudas kọ kò sì kúrò létí mi mọ́.

Ṣé ó mọ̀, tó ń ní kí n sọ̀rọ̀? Àbí ó kàn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ó mọ̀, ọmọ mi. Àmọ́ pé ó mọ̀ kò ní kó ti gbà. Má pa méjèèjì pọ̀. Má sì sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ yẹn o.

Olólùfẹ́ Fíìmù: Arákùnrin, wo Oru Thalai Ragam náà, ti 1980. T. Rajendar ló kọ ìtàn rẹ̀, òun náà ló ṣe àwọn orin rẹ̀. Obìnrin inú rẹ̀ fẹ́ràn ọkùnrin kan, ẹnu ayé ló bà á lẹ́rù. Ìgbà tó fi máa múra àtisọ, ọkùnrin náà ti kú sínú ọkọ̀ ojú irin. Ọkùnrin ló sì kọ gbogbo orin ibẹ̀, kò sí ohùn obìnrin kankan. Èyí ló ń dùn mí jù. Ìwọ náà, gbogbo ohun tí o kọ síbí, tìẹ ni. Kí ni òun ń fẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo gbé Coimbatore, ìlú àwọn Tamil mìíràn, fún ọdún mẹ́ta. Ní ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, òbí ṣì ni wọ́n ń wá ọkọ fọ́mọ, wọ́n sì ń wo ìran tí ọkọ ti wá. Ìwọ á wọ bàálù lọ. Òun ni àwọn aládùúgbò á máa wò. Bí o kò bá ní ètò kankan ju pé kí àyà rẹ fúyẹ́, dákẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn le jù, àbúrò mi. Kó bi í léèrè ni. Ṣé wọ́n ní kó gbé e níyàwó ni?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìjẹ̀bú, òótọ́ lẹ sọ, mi ò rò ó débẹ̀. Ibi tí mo ti sunkún nínú fíìmù náà ni ìgbà tí dókítà sọ pé àìsàn ọkàn Raja kò gba ìbànújẹ́ ńlá, kò gba ayọ̀ ńlá. Geetha ti wá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lè pa á. Àìsàn ọkàn ló sì pa Murali fúnra rẹ̀ ní 2010, ẹni ọdún 46.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé mo ti wo Idhayam. Ó ní, "Títí dé ìparí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bi í bóyá àwa méjì lè mu kọfí lọ́la, kí n lè gbọ́ ohun tí òun rí nínú rẹ̀. Ó ń tẹ nǹkan lórí fóònù. Ó dúró. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀.