Ẹ̀yin tó ń rán kúìlítì, íǹṣì mélòó ni ọ̀já àárín tiyín?

Ìyá Mojí: Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ rán kúìlítì, aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi ègé aṣọ rán pọ̀. Mo ti gé àwọn aṣọ ẹbí tó kún àpótí mi sí bùlọ́ọ̀kù, ègé onígun mẹ́rin, íǹṣì 12 ní ìbú àti òró lẹ́yìn ìrán. Ogún ni gbogbo rẹ̀: mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní gígùn. Ó wá ku ọ̀já, ègé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí màá fi là wọ́n láàárín. Ṣé kí n fi oníǹṣì méjì là á ni àbí mẹ́ta? Ẹ sọ èyí tí ẹ ti fọwọ́ ara yín rán, ẹ má sọ èyí tí ẹ kà.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Méjì.

Ìyá Mojí: Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì, sà?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Aṣọ wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: 😂😂 Bọ̀dá yìí ò ní pa mí. Ìyá Mojí, ìdá mẹ́rin bùlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì níbí, ìyẹn mẹ́ta fún 12. Àmọ́ òdòdó wẹ́wẹ́ ló wà lára aṣọ tiwọn o. Ẹyẹ ńláńlá ló wà lára ańkárá tèmi. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó rán an: nígbà tó wà ní méjì, àfi bíi pé ẹyẹ ibí fẹ́ ṣá ẹyẹ ọ̀hún jẹ. Mo sún wọn sí mẹ́ta, wọ́n fara balẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Ẹ fi aṣọ òkè là á, àbùṣe bùṣe. Ẹyọ kan fẹ̀ tó bí íǹṣì mẹ́rin, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti dì láti orí òfì. Ẹ ò ní gé nǹkan kan.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Mẹ́rin lórí 12? Ọ̀já ló máa wá di aṣọ, bùlọ́ọ̀kù á di ìbùlẹ̀.

Ìyá Mojí: Ṣé mi ò lè la aṣọ òkè náà sí méjì lóròó ni?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: HÀÁÀ! Ẹ la kí ni? Ibi tí ẹ bá là yẹn, òwú á máa tú ni. Ẹ kúkú sọ bùlọ́ọ̀kù di 16.

Aláṣọ Gbági: Aṣọ òkè ìsinsìnyí kì í ṣe mẹ́rin gbogbo ìgbà mọ́ o, òmíràn fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé téèpù dání tí ẹ bá ń lọ rà á. Ti Ìlọrin ni kí ẹ rà.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Ìlọrin kẹ̀? Ta ló kọ́ yín?

Lékè Houston: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bo kúìlítì nínú ooru Ìbàdàn? Ẹ ra ẹní.

Ìyá Mojí: Jos ni mo wà, bọ̀dá. Ẹ wá sùn níbí nígbà ọyẹ́, kí ẹ gbé ẹní yín dání.

Lékè Houston: Mo túúbá 🙏🏾. Ẹ wá wo kúìlítì àwọn obìnrin Gee's Bend ní Alabama, ní Amẹ́ríkà níbí. Ọ̀já kan fẹ̀, èkejì tín-ín-rín, ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó ni wọ́n fi ń rán òmíràn. Lọ́dún 2002, wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní mùsíọ́mù ńlá níbí ní Houston, ó tún dé mùsíọ́mù Whitney ní New York. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní ìdá mẹ́rin.

Aláṣọ Gbági: Ẹ̀kú egúngún ni ẹ ń júwe yẹn.

Ìyá Ìjọ: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ọmọ máa sùn lábẹ́ nǹkan yẹn.

Aláṣọ Gbági: Egúngún náà ń sùn, mà.

Àṣàkẹ́ Manchester: Kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀dì! Mẹ́ta lẹ́yìn ìrán, 3½ ni ẹ máa gé, torí ìdá mẹ́rin íǹṣì máa wọlé lọ́tùn-ún lósì. Àwọn télọ̀ ilé máa ń fi jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè tú u tí ẹni tó ni ín bá sanra. Kúìlítì kì í sanra. Tí ọ̀já bá yí etí ká pẹ̀lú, méjì á fún yín ní íǹṣì 58 ní ìbú, 72 ní gígùn; mẹ́ta á fún yín ní 63 ní ìbú, 78 ní gígùn. Báwo ni bẹ́ẹ̀dì yín ṣe tóbi tó?

Ìyá Mojí: Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà.

Àṣàkẹ́ Manchester: Íǹṣì 54 ni ìbú rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá fi méjì là á, íǹṣì méjì péré ló máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa fà á mọ́ra yín lọ́wọ́ lóru. Mẹ́ta á sọ̀ ní mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ fi mẹ́ta là á. Ègé ọ̀já 49 ni, pẹ̀lú igun kéékèèké 30 tí ẹ lè fi àgékù ṣe. Tí ìbú aṣọ bá jẹ́ íǹṣì 45, ègé mẹ́ta ló máa jáde nínú ìlà kan, yáàdì méjì á tó ọ̀já.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Iye tí wọ́n ń ta yáàdì méjì ńkọ́?

Ìyá Mojí: Ẹ ṣé gan-an, àǹtí. Mo ní aṣọ funfun kan nílé, òun ni màá lò.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Ṣé kò sí àdìrẹ nínú àwọn bùlọ́ọ̀kù yẹn ṣá?

Ìyá Mojí: Mẹ́fà.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́? Aró ò mojú funfun o. Ẹ rẹ gbogbo rẹ̀ sómi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Aláṣọ Gbági, mo ṣì ń dúró o. Ìlọrin wo?