Sólà fún ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Iléṣà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà nítòsí Ẹrẹ́jà, níbí ní Iléṣà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ èrè iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ ra sólà, àmọ́ ọmọ òṣómàáló ni mí, n kì í náwó lójú dídì.

Mo ti pààrọ̀ gílóòbù oní-60 watt sí LED oní-9 watt, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò dín. Máṣíìnì ìránṣọ ò jẹ iná púpọ̀. Áyọ́ọ̀nù ni wàhálà: 1,000 watt! Òun ló máa fa bátìrì gbẹ. Ṣé kí n padà sí áyọ́ọ̀nù eléèédú ni, àbí kí n máa lọ gbogbo aṣọ lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú ganrín-ganrín?

Ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe é ní kí n ra bátìrì olómi torí owó rẹ̀ rọjú. Àwọn kan ní lithium ló ń tọ́jọ́. Èwo lẹ̀ ń lò, báwo ló sì ṣe ń ṣe nígbà òjò?

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin la tò síra, mo sì rò pé ká dáwó jọ. Ìyá onídìrí ẹ̀gbẹ́ mi ní sólà ò ju ti gílóòbù lọ, torí iná ojú títì àdúgbò wọn tó kú kí ọdún tó yípo (wọn ò nu ojú páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rí!). Kí ni mo lè sọ tí wọ́n á fi gbà? Tí wọ́n bá sì gbà, báwo la ṣe máa pín in tí onídráyà ò fi ní lo tiwa mọ́ tirẹ̀?