Ẹṣin mi ń bẹ̀rù okùn gígùn, kí ni ṣíṣe?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, mo fẹ́ máa fi okùn gígùn méjì darí ẹṣin mi láti ẹ̀yìn kí n tó máa gùn ún, àmọ́ tókùn bá ti kan itan ẹ̀ báyìí, ó ti fò sókè nìyẹn, ìgbà míì á kàn dúró gbagidi. Mi ò ṣe é rí o.

Ará Eléyẹlé: Má tíì so okùn náà mọ́ ọn. Jẹ́ kẹ́nì kan di orí ẹ̀ mú, kó o máa fokùn ra á lára jẹ́jẹ́ láti èjìká dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún lósì, títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀. Inú ọgbà ni o, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì tọ́lọ́kadà á ti máa fọn fèrè! Wọ ìbọ̀wọ́, má sì wé okùn mọ́wọ́ láé, tó bá sá á wọ́ ẹ lọ ni.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin: Ẹ má dúró gangan lẹ́yìn ìdí ẹ̀, kì í rí èèyàn níbẹ̀, á ta yín nípàá. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Tó bá dúró, ẹ yí orí ẹ̀ sápá kan díẹ̀, tó bá ti gbẹ́sẹ̀, ẹ dẹ okùn kíá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé mà. Agídí ẹ̀ yẹn náà ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ṣin: Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ eyín àti ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé ìjánu ń dùn ún ni.