Ẹja ń fà, okùn ríìlì mi ń tú jáde: ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ọmọ Ọ̀sà Epe: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Inú ń bí mi. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo wé okùn tuntun sí ríìlì mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń wé okùn ìpẹja. Ẹni tó tà á búra pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Epe, owó gidi ló sì gbà. Mi ò tíì lè sọ iye rẹ̀ fún ìyàwó mi. Mo dé ọ̀sà, ọ̀bọ̀kún ńlá gbé ìwọ̀ mì. Mo ń yí ọwọ́ ríìlì, ẹja ò sún mọ́ mi, okùn ń jáde lọ ni. Mo fún bíréèkì rẹ̀, èyí tó yẹ kó dá okùn dúró, títí kò ṣeé fún mọ́. Ẹja lọ. Ọ̀la ni mo fẹ́ ra ríìlì mìíràn.

Bàbá Ẹlẹ́ja: Àbúrò, irú ríìlì wo? Irú okùn wo? O ò sọ ọ̀kankan. Bó bá jẹ́ èyí tó ní apá wáyà tó ń darí okùn sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tẹ́ kẹ̀kẹ́ okùn tuntun sílẹ̀, kí ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí wà lókè. Yí ọwọ́ ríìlì nígbà 15, kí o wá dẹ okùn. Bó bá ń lọ́ pọ̀, dojú kẹ̀kẹ́ yẹn dé. Dúró nígbà tó bá ku mìlímítà 2 sí 3 kí okùn kan etí kẹ̀kẹ́ ríìlì.

Ọ̀rẹ́ Odò: Ó ti kún jù ni. Ẹ gé e kù.

Ẹ̀gbọ́n Badagry: Rárá o. Okùn tó kún jù, ìgbà tí a bá ju ìwọ̀ ló ń fò jáde, tó ń di kókó. Ìgbà tí ẹja ń fà ni tiẹ̀ ń tú. Ọmọ Ọ̀sà, so okùn mọ́ igi, fún bíréèkì, fi bírò sàmì sí etí kẹ̀kẹ́ ríìlì, kí o wá fà á. Ṣé kẹ̀kẹ́ ló ń yí, àbí okùn nìkan?

Ìyá Kútà: Wáṣà inú bíréèkì ló ti gbó. Ẹ tú orí rẹ̀ wò.

Ọ̀rẹ́ Odò: Èmi ṣì sọ pé ó kún jù.

Ọmọ Ọ̀sà Epe: Kò kún jù, ẹ̀yin ará, mo mọ okùn wé. Mo ti dán ti Ẹ̀gbọ́n wò. Kẹ̀kẹ́ ò mira, odindi okùn ló ń yí lórí rẹ̀. Okùn híhun ni, èyí tó rí bí òwú. Ìdí kẹ̀kẹ́ ríìlì, tó jẹ́ irin, ni mo so ó mọ́ tààrà.

Ẹ̀gbọ́n Badagry: Ẹ̀n-ẹ́n! Má ra ríìlì kankan. Okùn híhun ò lè di irin dídán mú, ó ń yọ̀ ni. Tú gbogbo rẹ̀. Ṣí apá wáyà kí o tó so nǹkan kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ríìlì ò ní wé e. Mú okùn náílọ́ọ̀nù, èyí tí kì í ṣe híhun, fi yí ìdí kẹ̀kẹ́ ká, fi orí rẹ̀ ta kókó kan mọ́ okùn gígùn, ta kókó kejì sí ṣóńṣó orí náà, kí o wá fà á kí kókó méjèèjì pàdé. Wé mítà 10, kí o so okùn híhun mọ́ ọn: fi náílọ́ọ̀nù ká híhun nígbà 4, kí o fi híhun ká náílọ́ọ̀nù nígbà 8. Fi itọ́ rẹ kókó kí o tó fún un. Bó bá gbẹ, ooru ìfà á jẹ náílọ́ọ̀nù, ibẹ̀ ni yóò ti já.

Bàbá Ẹlẹ́ja: Téèpù àwọn oníná náà tó. Yí i ká ìdí kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n Badagry: Bàbá, oòrùn máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ni mo fọwọ́ sí.

Ọmọ Ọ̀sà Epe: Ẹ ṣeun, sà. Ṣé okùn híhun yìí kan náà ni kí n wé padà?

Ẹ̀gbọ́n Badagry: Òun náà ni, bí kò bá ti bó. Fi aṣọ tútù há a mọ́ àárín ìka méjì, kó le bí o ti ń wé e. Bó bá dẹ̀, ìpele òkè á rì sínú tìsàlẹ̀ bí ẹja bá fà, kò sì ní jáde mọ́ nígbà tí o bá tún ju ìwọ̀.